Nígbà Tí Ọ́ìlì Ń Pa Iná: Ìrántí Àwọn Súwíìṣì Ibùdó Iná Ńlá

Ní ibùdó iná 132 kV ti Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, súwíìṣì oríṣi méjì ni ó máa ń wà lórí okùn iná kan náà, tí wọn kò jìnnà síra. Ọ̀kan jẹ́ apá bàbà gígùn tó nà lórí òpó tánganran, ní gbangba, níbi tí òjò àti ọyẹ́ ti ń bá a. Èkejì jẹ́ àgbá irin mẹ́ta tó dúró lórí pèpéle kọnkéré, tí ọ́ìlì kún inú wọn, tí ìwo tánganran méjì-méjì yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Apá bàbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní áísólétọ̀. Àgbá ni bíréékà. Lójú àlejò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ṣí, wọ́n ń padé. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀ rí mọ̀ pé áísólétọ̀ kò lè dí ipò bíréékà láé.

Èdè ibùdó pàápàá kì í ṣe èdè ilé. Nínú ilé, wọ́n ń tan iná, wọ́n ń pa á. Ní ibùdó, súwíìṣì tó bá ṣí ni iná kò lè gbà kọjá. Èyí tó bá padé ni iná ń gbà. Ọmọ iṣẹ́ tuntun tó bá gbọ́ “ṣí i”, tó wá rò pé kí iná máa bọ̀ ni wọ́n wí, bí ẹni ṣí omi ẹ̀rọ, ọ̀gá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan nǹkan fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ gbogbo ni áàkì. Bí wọ́n bá ya ẹnu bàbà méjì tí iná ń gbà kọjá nípa, iná kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn á gbóná títí yóò fi di ọ̀nà fún iná fúnra rẹ̀, á sì máa jó bùlà-bùlà bí okùn funfun kan tí kò ṣeé wò. Lára súwíìṣì ògiri yàrá, ẹ̀ta iná kékeré kan ni, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti kú. Ní 132 kV, áàkì lè gùn ju ènìyàn lọ, ooru àárín rẹ̀ sì ń ju 10,000 dígíríì lọ. Bàbà kò lè dúró níwájú rẹ̀, irin kò lè dúró. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú olú ilé iṣẹ́ iná ìjọba ní Marina, l'Ékòó. Ó bá a mu. Mọ̀nàmọ́ná ojú ọ̀run àti áàkì inú bíréékà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ ènìyàn ti lè tó áàkì ni pé iná tí orílẹ̀-èdè ń lò jẹ́ alálọbọ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà àlọ, yóò dé òdo. Nígbà àbọ̀, yóò tún dé òdo. Ìyẹn ni pé ìgbà 100 ni iná ń kú fúnra rẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kí ó tó tún jí. Bíréékà kì í fi tipátipá gé e. Ó ń lúgọ de òdo yẹn ni, kí ó tètè fi ohun kan kún àlàfo tó wà láàárín ẹnu bàbà méjèèjì, ohun tó tutù, tó sì le, kí iná má bàa rí ọ̀nà jí padà. Ọ́ìlì ni wọ́n kọ́kọ́ fi kún un. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni gáàsì. Níkẹyìn, wọ́n fi òfìfo gan-an kún un.

Áísólétọ̀ kò ní ọ̀kankan nínú wọn, nítorí náà kò sí lára rẹ̀ ohun tó fi lè pa áàkì. Ojú ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnu bíréékà wà nínú àgbá, kò sẹ́ni tó lè rí i. Àmì kékeré tó wà lára rẹ̀, tó ń sọ pé ó ṣí tàbí ó padé, ọ̀pá irin ló ń yí i, ọ̀pá irin sì lè kán. Ẹni tó fẹ́ gun òkè lọ pààrọ̀ àwo tánganran kò gbọdọ̀ fọkàn tán àmì. Ó fẹ́ rí ojú ọ̀run láàárín orí bàbà kan àti èkejì. Áísólétọ̀ ló ń fi àlàfo yẹn hàn án, àgádágodo ló sì ń rí i dájú pé kò sẹ́ni tó máa pa á dé nígbà tí ó ṣì wà lókè.

Ìrísí wọn pọ̀. Ọ̀kan ní apá méjì tó ń pàdé láàárín, tó sì ń yí kúrò lọ́dọ̀ ara wọn bí ilẹ̀kùn alápá méjì. Òmíràn ní òpó mẹ́ta, ti àárín nìkan ló ń yí, tí apá rẹ̀ sì ń kúrò lẹ́nu ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí àyè kò bá ti gbòòrò, wọ́n ń lo èyí tó ń na ọrùn sókè bí àgùfọn láti lọ gbá okùn orí mú.

Ètò iṣẹ́ ni kì í yí padà. Bí wọ́n bá fẹ́ gé iná, bíréékà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí, áísólétọ̀ á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ dá iná padà, áísólétọ̀ ló ń kọ́kọ́ padé, bíréékà ló ń kẹ́yìn. Bíréékà ló ń gba ìjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Áísólétọ̀ kò gbọdọ̀ yí àyàfi nígbà tí ìjà kò sí.

Ní sáà NEPA, ilé iṣẹ́ iná ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, àṣẹ ń wá láti Òṣogbo, níbi tí ibùdó ìdarí iná orílẹ̀-èdè wà. Orí okùn iná ńlá gan-an ni ohùn ń gbà, nítorí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ sórí wáyà tó ń gbé iná, wọ́n sì ń já a gbà ní ìkángun kejì. Ohùn náà máa ń dún bí ẹni tó wà nínú ìkòkò. Òṣogbo á ní kí wọ́n ṣí bíréékà fídà báyìí, ìyẹn ti okùn kan tó ń gbé iná jáde láti ibùdó. Ẹni tó gbọ́ á tún un sọ padà, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú, ìgbà náà ni yóò tó yí súwíìṣì orí pátákó. Àgbá á kù gìì níta. Abẹ́rẹ́ tó ń ka iná lórí pátákó á wálẹ̀ sí òdo. Lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ á mú tọ́ọ̀ṣì, á wọ bàtà rọ́bà, á gba orí òkúta wẹ́wẹ́ lọ sídìí áísólétọ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ti máa ń sá. Bí bíréékà ti ṣí tó, ìwọ̀nba iná díẹ̀ ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ okùn, bí omi tó kù sínú ọ̀pá ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ẹnu rẹ̀. Nígbà tí apá bàbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ara wọn, okùn iná aláwọ̀ búlúù tínrín kan á yọ, á máa ta ṣìṣì-ṣàṣà, á sì kú. Àgbà òṣìṣẹ́ kò ní dá ọwọ́ dúró, yóò máa yí irin náà lọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ni yóò tan tọ́ọ̀ṣì sókè, yóò wo fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn okùn mẹ́ta tí iná pín sí, lọ́kọ̀ọ̀kan: réèdì, yẹ́lò, búlúù. Kò gbọdọ̀ wo ọ̀kan kí ó fi ṣe ìwọ̀n méjì yòókù. Ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ lè ti yọ lẹ́nu ọ̀kan, fáàsì méjì á ti ṣí, ẹ̀kẹta á ṣì so mọ́ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Àṣìṣe tí gbogbo ibùdó ń bẹ̀rù ni ti ẹni tó ṣí bíréékà fídà kan, tó wá lọ sídìí áísólétọ̀ fídà kejì. Wọ́n jọra, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, alẹ́ sì ni. Áàkì tó máa ń yọ nígbà náà kì í ta ṣìṣì-ṣàṣà. Bí apá bàbà ti ń jìnnà síra ni áàkì ń gùn tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ á gbé e, á tẹ̀ kọ̀rọ̀ bí ọrun, títí yóò fi kan fáàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ríléè ibòmíràn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná, á rí i, tí bíréékà ibòmíràn á já, tí ìlú bíi mélòó kan á ṣókùnkùn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo: kọ́kọ́rọ́ tó ń tú ọwọ́ áísólétọ̀ sílẹ̀, ara bíréékà rẹ̀ ni wọ́n há a mọ́, kò sì ní yọ àfi bí bíréékà yẹn bá ṣí. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ fídà kìíní lọ sí fídà kejì, kò ní wọlé. Kò ní wáyà, kò ní iná, alágbẹ̀dẹ àtijọ́ lè rọ ọ́. Ọgbọ́n olówó ńláńlá tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára jù ú lọ.

Súwíìṣì ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ áísólétọ̀. Ọ̀pá irin kan ni tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ lọ fẹnu kan okùn, tí ìdí rẹ̀ sì so mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú bàbà pẹlẹbẹ. Ìdí tó fi wà ni pé okùn tí wọ́n ti gé kò tíì kú. Bí okùn mìíràn tí iná wà lórí rẹ̀ bá ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, yóò máa fa iná sí i lára láìfọwọ́ kàn án, iye rẹ̀ sì tó pa ènìyàn. Wọ́n ń fi igi àyẹ̀wò kan okùn kọ́kọ́, kí wọ́n mọ̀ pé iná kò sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ti ọ̀pá náà gòkè, wọ́n á fi àgádágodo tì í, wọ́n á fi pátákó EWU kọ́ ọ lọ́rùn, kọ́kọ́rọ́ á wọ àpótí, wọ́n á sì kọ pámíìtì fún àwọn tó fẹ́ gun òkè. Ìgbà tí ọ̀gá wọn bá dá pámíìtì padà, tó fọwọ́ sí i pé gbogbo ènìyàn òun ti sọ̀ kalẹ̀, ni wọ́n tó lè tú okùn náà sílẹ̀.

Láàárín áísólétọ̀ àti bíréékà, àwọn kan wà tí a lè pè ní alárìnà. Wọ́n lè gé iná tí ìlú ń lò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí wáyà bá kan ara wọn tí iná ya bí omi tó fọ́ ìdídò, apá wọn kò ká a. Wọ́n pọ̀ lórí 11 kV, nínú àpótí irin ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí fíúsì ti ń bá wọn gbé ẹrù tó wúwo. Èyí tí ará àdúgbò mọ̀ jù ni fíúsì orí òpó. Nínú ọ̀pá rẹ̀, okùn tínrín kan wà; bí iná bá ya, okùn á yọ́, ara inú ọ̀pá á tú gáàsì sílẹ̀, gáàsì á sì tú áàkì dànù gba ẹnu ìsàlẹ̀. Ìró rẹ̀ bíi ti ìbọn ṣakabùlà ni. Ọ̀pá náà á já, á fì dirodiro, ẹni tó dúró nísàlẹ̀ á sì rí fáàsì tó lọ láìgbé àkàbà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà ní sáà NEPA ti dúró lábẹ́ òpó rí, tó ń wo òṣìṣẹ́ tó na igi gígùn sókè, tó ń wá ojú òrùka ọ̀pá náà, tó kùnà lẹ́ẹ̀kan, tó kùnà lẹ́ẹ̀kejì, tó wá tì í wọlé lẹ́ẹ̀kẹta; gbogbo àdúgbò á sì ké “Up NEPA!”

Ọ̀kan nínú àwọn bíréékà ọlọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ wáyé ní Amẹ́ríkà, nínú àgbá onígi. Ní 1901, J. N. Kelman fi àgbá pákó méjì tí ẹnu wọn wà ní ṣíṣí ṣe bíréékà fún okùn 40 kV ní California. Omi àti ọ́ìlì ló rọ sínú wọn, ọ̀pá onígi ló sì ń fa ẹnu bàbà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 1902, ó sì ṣe é dáadáa fún nǹkan bí ọdún kan. Ní oṣù kẹta 1903, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún ṣí i, lemọ́lemọ́ láàárín àkókò díẹ̀. Ọ́ìlì gbiná, ó ta sára pákó tó yí i ká, ilé sì ń jó. Síbẹ̀, wọn kò pa ọ́ìlì tì. Wọ́n bò ó mọ́ inú irin ni.

Ó jọ ìsọkúsọ pé kí epo máa pa iná, nígbà tí gbogbo ayé mọ ohun tí epo ń ṣe fún iná. Àṣírí rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń pa áàkì. Ooru áàkì ń sọ ọ́ìlì tó yí i ká di gáàsì, háídírójìn ló sì pọ̀ jù nínú gáàsì yẹn. Háídírójìn máa ń gbé ooru lọ kíákíá ju ọ̀pọ̀ gáàsì mìíràn lọ. Áàkì fúnra rẹ̀ ló ń se ohun tí yóò pa á. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò sí nísàlẹ̀ níbi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀, háídírójìn náà kò lè jó. Ewu wà lókè, níbi tí gáàsì ti ń gòkè lọ bá afẹ́fẹ́ ní orí àgbá. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ jù, tí gáàsì sì dé òkè ní gbígbóná, àgbá lè fò sókè. Nítorí náà ni ojú gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n ọ́ìlì hàn fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ ń wò, kí ó tó kí ẹnikẹ́ni.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú irinṣẹ́ sáà ECN, ilé iṣẹ́ iná tó ṣíwájú NEPA, ti wá, ibẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ tó fẹ́ràn bíréékà alágbá. Ilé iṣẹ́ Reyrolle, ní Hebburn létí odò Tyne, wà lára àwọn tó fi í lókìkí. Àgbá kan fún fáàsì kan ni wọ́n ń lò lórí 132 kV, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà ọ́ìlì ló sì ń wà nínú bíréékà kan. Púpọ̀ nínú ọ́ìlì yẹn kò bá áàkì jà rárá. Ó kàn wà níbẹ̀ kí iná má bàa ti ẹnu bàbà fò sára irin àgbá.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọ ọ́ìlì, gbogbo ibùdó ló ń mọ̀. Áàkì kọ̀ọ̀kan máa ń fi kábọ̀n sílẹ̀. Ọ́ìlì tó wọlé ní àwọ̀ oyin á jáde bí omi èlùbọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná, dúdú kirimú, tó ń rùn bí rọ́bà tó jó. Ẹ̀rọ asẹ́ á máa kùn láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ọ́ìlì ń jáde ní ìsàlẹ̀ àgbá tó ń wọlé padà lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu díẹ̀ sínú ago kékeré kan tí orí irin méjì wà nínú rẹ̀, tí àlàfo wọn jẹ́ 2.5 mm, wọ́n á sì máa fún un ní iná díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá fò kí ó tó dé 30 kV, wọ́n á gbà á. Bí ó bá fò ní 18 tàbí 20, ẹ̀rọ asẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Omi ni ọ̀tá ọ́ìlì ju kábọ̀n lọ. Ní àsìkò òjò, ìkán díẹ̀ tó gba ìdí ìwo tánganran wọlé tó láti ba gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́. Aṣọ òṣìṣẹ́ tó ṣe é kì í mọ́ mọ́.

Àwọn ará Yúróòpù mìíràn wò ó pé àṣejù ni ọ́ìlì tó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe bíréékà ọlọ́ìlì díẹ̀, tó jẹ́ òpó tánganran tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju èyí tí áàkì nílò lọ. Tánganran ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù. Ó fúyẹ́, ó sì kéré. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì díẹ̀ ń tètè dọ̀tí, nítorí náà àtúnṣe rẹ̀ kò dín kù tó bí àwọn tó ń tà á ti wí.

Bíréékà afẹ́fẹ́ ni ó fi ibùdó iná ṣe ojú ogun. Afẹ́fẹ́ lásán ni, èyí tí gbogbo ènìyàn ń mí, ṣùgbọ́n kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti kì í pọ̀ títí ó fi di 20 sí 30 ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ ìta. Táyà mọ́tò kékeré tí fókánáísà fẹ́ kì í ju nǹkan bí ìlọ́po 2 lọ. Nígbà tí àṣẹ bá dé, fáfù á ṣí, afẹ́fẹ́ náà á sì kọ lu áàkì, á fẹ́ ẹ tútù bí ẹni fẹ́ àtùpà, á sì tú jáde síta. Ìró rẹ̀ kò jọ ti àgbá ọ́ìlì tó ń kù gìì nínú ikùn. Àgbá ogun ni. Ẹyẹ gbogbo tó wà lórí okùn á fò, ọmọ ọwọ́ á jí ní ìlú tó wà nítòsí, àlejò tí wọn kò kìlọ̀ fún á dọ̀bálẹ̀.

Ó yá ju ọ́ìlì lọ, kò lè gbiná, kì í dọ̀tí. Okùn tó ga ju 132 kV lọ kò rí alábàárìn tó dára jù ú ní àkókò yẹn, nítorí wọ́n lè to orí púpọ̀ tẹ̀ lé ara wọn lórí fáàsì kan, kí olúkúlùkù gba ìpín tirẹ̀ nínú áàkì. Òun ni ó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé lórí okùn ńlá nígbà tí ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, tí okùn 330 kV sì ń gba Òṣogbo lọ sí Èkó, àti nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gun 400 kV ní 1965.

Àmọ́ olówó ló ń fẹ́ ẹ. Ilé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń bẹ, àgbá afẹ́fẹ́ ń bẹ, ọ̀pá irin tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sídìí bíréékà kọ̀ọ̀kan ń bẹ, ibi gbogbo tí wọ́n sì ti so ọ̀pá pọ̀ ni afẹ́fẹ́ lè ti jò. Òṣìṣẹ́ alẹ́ mọ ìjò nípa etí: ìró ṣíì tínrín kan tí kò dákẹ́. Ó ń fi omi ọṣẹ ra ojú ọ̀pá, níbi tó bá hó ni ìjò wà. Omi inú afẹ́fẹ́ náà jẹ́ wàhálà. Bí wọn kò bá gbẹ ẹ́ dáadáa kó tó wọ òpó tánganran, inú òpó á rin, iná á fò. Èyí tó burú jù kì í sì í hàn àfi lọ́jọ́ tí gbogbo iná orílẹ̀-èdè bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń fẹ́ iná kó tó ṣiṣẹ́. Bíréékà ń fẹ́ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Iná kò sì lè wọlé àyàfi bí bíréékà bá padé. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àgbá kò ju ti ìṣípàdé mélòó kan lọ, bí ó bá sì jò tán kí wọ́n tó gbọ́ láti Òṣogbo, jẹnẹrétọ̀ díísù kékeré ẹ̀yìn ilé ni ìrètí tó kù.

Gáàsì tó lé ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ lọ ni SF6. Henri Moissan àti Paul Lebeau ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ilẹ̀ Faransé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò lè jó, ó sì wúwo tó ìlọ́po 5 afẹ́fẹ́. Ó ń gbá iná tó sá kúrò lára áàkì mú, kì í jẹ́ kí ó rìn jìnnà. Ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà ló fi í ṣe bíréékà ní àwọn ọdún 1950. Ti ìṣáájú ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀ nínú, bíi ti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ìrìn ẹnu bàbà fúnra rẹ̀ lè fẹ́ gáàsì náà. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni wọ́n gbé sínú òpó tánganran: bí ọ̀pá ti ń fa ẹnu bàbà jáde ló ń tẹ gáàsì sára áàkì. Ìyàtọ̀ kan tó wà níbẹ̀ ni pé ẹwìrì ń fẹ́ iná kó lè jó, èyí ń fẹ́ ẹ kó lè kú. Sípíríìǹgì tí mọ́tò kékeré ká ló ń fa ọ̀pá náà, nítorí náà kò sí ilé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ mọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ tó mú wá ya àwọn àgbà òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Bíréékà já, wọn kò gbọ́ ju “pá” kan lọ. Àwọn kan á tún jáde lọ wo àmì, nítorí etí wọn kò gbà á gbọ́. Ẹ̀bi gáàsì yìí kò hàn sí gbangba bíi ti ọ́ìlì. Bí ó bá jò nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, ó ń lọ kún inú kòtò wáyà nísàlẹ̀, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, kò sì ní gbóòórùn ohunkóhun tó máa kìlọ̀ fún un. Áàkì tún ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ìyẹ̀fun funfun tó ń jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹni tó máa tú òpó rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán tú u. Èyí tó ga jù ni ti ojú ọjọ́. Kílógírámù kan rẹ̀ tó bọ́ sójú ọ̀run ń mú ayé gbóná ju 23,000 kílógírámù kábọ́ọ̀nù-dàíọ́sáìdì lọ láàárín 100 ọdún. Àdéhùn Kyoto ti 1997 dárúkọ rẹ̀, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti pàṣẹ pé láti 2026 kí wọ́n má ṣe gbé súwíìṣì tuntun tó ní in sí iṣẹ́ mọ́ lórí okùn tí kò ju 24 kV lọ.

Òfìfo ló gba ipò lórí àwọn okùn kékeré. Royal Sorensen àti Mendenhall ti dán an wò ní yunifásítì Caltech ní 1926: bí kò bá sí afẹ́fẹ́, kò sí ọ́ìlì, kò sí gáàsì, kí ni áàkì máa fi ṣe ara? Bàbà tó yọ́ lẹ́nu súwíìṣì nìkan ló kù fún un, ìyẹn sì ń dì padà sára irin tó yí i ká ní kété tí òdo bá dé. Èrò náà pé láti ìgbà yẹn. Ohun tó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún ni bí wọ́n ṣe máa dí ìgò kan tí afẹ́fẹ́ kò ní jò wọ inú rẹ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọdún 1960 ni ó tó wọ ọjà. Lórí 11 kV, ẹnu bàbà méjèèjì kì í jìnnà síra ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, fífẹ̀ èékánná àtàǹpàkò, wọ́n sì ń ṣí wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láìtú wọn. Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé ó mú jù. Bí iná tó ń gbà kọjá bá kéré, ó lè gé e kí òdo tó dé, iná tí wọ́n dá dúró lójijì báyìí sì lè fò sókè ba mọ́tò tàbí tiransifọ́mà tó wà níwájú jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi agbómọ̀nàmọ́ná kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti gun dé 145 kV báyìí.

Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà iná àtijọ́, wọ́n ti gbé àgbá irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, òpó tánganran tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí. Pèpéle kọnkéré wọn ṣì tóbi ju ohun tó wà lórí rẹ̀ lọ, àbàwọ́n ọ́ìlì dúdú sì wà létí rẹ̀ tí òjò kò fọ̀ tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni áísólétọ̀ wà, apá bàbà lórí òpó tánganran, àgádágodo lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọ̀run láàárín.